Ọdún Tí Bàbá Fi Nọ́ńbà Ránṣọ

Kó, kó, kó. Irin kékeré ló ń kan ike. Bí mo bá dijú báyìí, kí n tó rí ògiri ilé wa ní Fante New Town, kí n tó rántí òórùn ẹ̀wà tí Màámi ń sè lẹ́yìnkùlé, ìró yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe pé ìró mìíràn ò sí o. Ilé wa ò dákẹ́ rí. Láti ìdájí ni Maame Akosua, ìyá Àṣáǹtí tó háyà yàrá iwájú, ti máa ń gbálẹ̀ àgbàlá, tí á máa bá àwọn adìẹ rẹ̀ wí bí ẹni pé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n. Ìpè àdúrà á ti ọ̀nà Aboabo wá, àwọn ọkọ̀ trotro á máa pe èrò lójú títì, tó bá di ọ̀sán, odó fùfú á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Bùrọ̀dá Sámù á sì máa kùn nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Ṣùgbọ́n kó, kó, kó yẹn, ó ní ọdún tó wọlé wá bá wa, ọdún yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mi ò kàwé púpọ̀, nítorí náà bó ṣe wà lọ́kàn mi ni màá ṣe sọ ọ́.

Bàbá tó ni ìtàn yìí, àwọn ló bí bàbá mi. Bàbá mi gan-an kì í gbélé, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń wà lọ sí Tamale, nítorí náà ọwọ́ Bàbá ni mo dàgbà sí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé Bàbá wá sí Kumasi nígbà tí wọ́n ṣì kéré, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ṣe jẹun. Ọnà tó máa ń wà lọ́rùn àti láyà agbádá, ọwọ́ lásán ni Bàbá fi ń rán an. Ọ̀kan wà nínú àwọn ọnà náà tó jẹ́ tiwọn nìkan. Àlọbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òwú á gbéra lábẹ́ ọrùn, á sọ̀kalẹ̀ sí àyà, á pòyì bí ìkarahun ìgbín, á gba etí àpò kọjá, á tún máa gòkè bọ̀ títí á fi pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ń gbéyàwó nílé wa, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé, ìbáà jẹ́ àna, Àlọbọ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Bàbá sì ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́wọ́ aránṣọ mìíràn: wọn kì í parí rẹ̀. Tó bá ti ku ẹyọ abẹ́rẹ́ kan kí òwú pàdé ara rẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, òun ló máa fà á kọjá. “Tèmi ti tán,” ni wọ́n máa ń wí. “Èyí tó kù dọwọ́ ìwọ tó o nilé.” Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tó kan àwọn, ọwọ́ àwọn gbọ̀n, abẹ́rẹ́ gún àwọn níka, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lára agbádá ìgbéyàwó àwọn títí di òní.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọwọ́ Bàbá fúnra wọn ló ń gbọ̀n. Kò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ṣíbí ló kọ́kọ́ ń lu àwo, lẹ́yìn náà tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí tábìlì, Màámi á sì yára nù ún bí ẹni pé àwọn ló dà á. Nígbà tó yá, Bàbá ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, èmi ni mò ń bá wọn kì í. Nígbà tó tún yá, abẹ́rẹ́ tí mo bá ki òwú bọ̀ ò mọ ibi tí à ń gbé e lọ. Wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ wọn sínú agolo bisikíìtì, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fìlà irin kékeré tí wọ́n máa ń fi bo orí ìka kí abẹ́rẹ́ má bàa gún wọn nìkan ni wọn ò kó mọ́ ọn. Wọ́n wọ̀ ọ́ sórí ìka bí òrùka, wọ́n ń fi kan àga, wọ́n ń fi kan ife, wọ́n ń fi kan orí èmi náà nígbà tí mo bá ń ṣe wèrè.

Àsìkò yẹn gan-an ni Àǹtí Dúpẹ́, àbígbẹ̀yìn Bàbá, mú Bùrọ̀dá Kwabena wálé. Ọmọ Àṣáǹtí ni wọ́n, oníṣẹ́ iná, Krofrom ni wọ́n ń gbé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á pẹ́ nílẹ̀ jù, tí Màámi á fi máa sá lọ sí ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí méjèèjì ti fẹnu kò: aṣọ kente ni ọkọ ìyàwó máa wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, agbádá wa ni wọ́n máa wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ agbádá délẹ̀, gbogbo wa ń wo ọwọ́ Bàbá.

“Dúpẹ́, wò ó,” Bàbá wí, wọ́n na ọwọ́ náà jáde. Ó ń gbọ̀n bí ewé.

“Mo rí i, Bàbá.”

“Sámù ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ṣe ọnà tó dáa fún ọkọ ẹ.”

“Ọnà tó dáa kọ́ ni mò ń wí. Àlọbọ̀ ni mò ń wí. Ọkọ gbogbo ìyàwó ilé yìí ló wọ̀ ọ́. Ṣé torí pé èmi ni mo kẹ́yìn ni tèmi ò fi ní sí?” Àǹtí Dúpẹ́ kì í sunkún, ẹlẹ́nu mímú ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú lọ́jọ́ yẹn. Bàbá fi fìlà irin wọn kan apá àga, kó, kó, kó, wọ́n ń ronú.

Bùrọ̀dá Sámù, àbúrò bàbá mi, ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ni pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ń ya ọnà, wọ́n á fi ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà to àmì kéékèèké tẹ̀ lé ara wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá gba ọ̀nà àmì náà, á fi òwú rán an sára aṣọ. Báàjì ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n mú agbádá bàbá mi, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń ya Àlọbọ̀ láti ara rẹ̀. Bàbá wo èyí tí ẹ̀rọ rán, wọ́n ní, “Ó dáa. Ó jọ ọ̀nà tí katakata là.” Bùrọ̀dá Sámù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn. Ni wọ́n bá ní kí Bàbá máa fẹnu sọ ọ́, kí èmi máa fi máòsì yà á, torí mo mọ máòsì lò dáadáa, géèmù káàdì orí kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi.

A jókòó tì í ní ọ̀sán kan. “Ọ̀tún,” Bàbá á wí, mo lọ sọ́tùn-ún. “Sọ̀kalẹ̀. Fi àmì síbẹ̀. Ọ̀tún sí i.” Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ rán an tán sára àkísà, Bàbá gbé e yẹ̀ wò, wọ́n wá gbé e lé mi láyà.

“Àlàmú, ta la rán aṣọ yìí fún?”

“Bùrọ̀dá Kwabena.”

“Kwabena tó wà nínú dígí ni.”

Gbogbo rẹ̀ ló wà ní òdìkejì. Fún ẹni tó ń rán agbádá, ọ̀tún ni ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó jókòó tó ń wò ó. Bàbá ti fi ojú ẹni tó wọ aṣọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò wá sí wọn lọ́kàn pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bùrọ̀dá Sámù ní kọ̀ǹpútà lè yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì yí i lóòótọ́. Bàbá tún wò ó. “Ó ti wà lápá tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn nìyí.” Mo wò ó títí, mi ò rí ìyàtọ̀. Lónìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra mi, mo rí i: ìgbín tèmi ń sáré, tiwọn ń rìn.

Ni Bàbá bá ní kí n dìde, àwọn fẹ́ gbìyànjú. Wọ́n di máòsì mú, ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri ojú kọ̀ǹpútà bí tata. Wọ́n fẹ́ fi àmì kan sílẹ̀, àmì dà káàkiri bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní ìta, “Kofi, Kofi, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀,” torí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí mi, Kofi ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Mo já máòsì gbà lọ́wọ́ Bàbá. “Ẹ gbé e wá, Bàbá. Ẹ ò lè ṣe é.” Wọn ò bínú. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Òótọ́ ni,” wọ́n sì lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí ẹni tó jẹ góòlù. “Òótọ́ ni” yẹn ni mo rántí.

Lẹ́yìn ìyẹn Bàbá ò wọ ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Ìdúpẹ́ ń sún mọ́lé, Bùrọ̀dá Sámù ti gé aṣọ agbádá náà, ó wà lórí tábìlì, àyà rẹ̀ funfun láìsí nǹkan kan. Àǹtí Dúpẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, wọn ò ní wò ó. Ní àárọ̀ kan tí èmi nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń mu kókó, tí mo ń jẹ bofrot tí wọ́n fi òróró dín, tí mo sì fẹ́ tẹ ìwọ̀n báàjì kan sínú kọ̀ǹpútà, mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì mí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀ wọ́n, ni mo bá ní, “Bàbá, òróró wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà.” Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n wá jókòó. Wọ́n tẹ àwọn nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, kò wọlé. Mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè nọ́ńbà méje, èyí tó máa ń tan iná kékeré. Kí kíbọ́ọ̀dù má bàa yọ̀ lọ, Bàbá fi ọwọ́ òsì di igun rẹ̀ mú gírígírí, ìka wọn wà lórí bọ́tìnnì méjì tí wọ́n kọ Shift àti Alt sí, mi ò sì fura. Wọ́n fi fìlà irin tẹ èyí tí mo wí. Kó. Kọ̀ǹpútà ké, àpótí kékeré kan yọ lójú rẹ̀, ó kún fún òyìnbó.

“Kí ló wí?”

“Ó ń béèrè nǹkan, Bàbá.”

“Dá a lóhùn. Kì í dáa ká dákẹ́ sí ẹni tó ń béèrè nǹkan.”

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ńṣe ló ń béèrè bóyá a fẹ́ fi nọ́ńbà máa darí ọfà. Mo tẹ bọ́tìnnì ńlá tí mo fi máa ń gbà sí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà kọ̀, kò wọlé mọ́ rárá. Bàbá tẹ mẹ́rin, ọfà sún díẹ̀ sí òsì. Wọ́n tẹ mẹ́fà, ó sún padà. Mo mọ̀ pé mo ti ba kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé ń jẹ lára rẹ̀ jẹ́. Bùrọ̀dá Sámù wọlé, wọ́n ní, “Chale,” bí àwọn ọ̀dọ́ Kumasi ṣe máa ń pe ọ̀rẹ́, “kí lẹ ṣe sí i?” Wọ́n na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó ń tan iná láti pa á.

“Má pa á,” Bàbá wí.

Wọ́n tẹ mẹ́jọ, ọfà gòkè. Wọ́n tẹ méjì, ó sọ̀kalẹ̀. Méje, mẹ́sàn-án, ọ̀kan àti mẹ́ta, ó ń gba igun. Títẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó gbọ̀n lófuurufú bó ṣe fẹ́, ọfà náà kò mira níbi tó wà. Bàbá wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo ọfà. “Sámù,” ni wọ́n wí, ohùn wọn rẹlẹ̀, “ó ń dúró dè mí.” Bùrọ̀dá Sámù fa àga, wọ́n jókòó, àwọn méjèèjì ń tẹ bọ́tìnnì kiri títí wọ́n fi rí i pé nọ́ńbà márùn-ún tó wà láàárín ló ń fi àmì sílẹ̀. Wọ́n gbàgbé mi, wọ́n gbàgbé báàjì. Bofrot mi tutù.

Ó gba Bàbá ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán. Mo fi òwú pupa lẹ orí mẹ́rin, mo fi òwú dúdú lẹ orí mẹ́fà, kí wọ́n má bàa ṣi ọ̀tún Kwabena mú fún òsì rẹ̀. Wọ́n ká aṣọ sábẹ́ ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n wọ fìlà irin wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kó, kó, kó, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ojú wọ̀n ọ́n, kó. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n tó tẹ ẹyọ kan lé, wọ́n á tẹ òdìkejì rẹ̀, ọfà á padà sílé. Iná lọ ní ọ̀sán kan, dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kó ìdajì iṣẹ́ tí a kò tíì pa mọ́ lọ, Bàbá fi ahọ́n lu òkè ẹnu wọn, wọ́n ní, “Abẹ́rẹ́ tèmi ò lo iná rí.” Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, wọ́n á ní, “Àlàmú, pa á mọ́,” bí mo bá tiẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ni màá sáré wá. Màámi ń gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ewé kontomire wá bá wọn nídìí kọ̀ǹpútà, Bùrọ̀dá Sámù ń gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí ọbẹ̀. Maame Akosua pàápàá fi adìẹ sílẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kàn sáárá sí Bàbá: “Agya, woayɛ adeɛ paa.” Bàbá ò gbé ojú sókè. “Ẹ ṣé o, Maame. Ẹ má jẹ́ kí adìẹ wọlé o, ọwọ́ mi ti fẹ́ kan ìgbín.”

Nígbà tó ku ẹyọ kan, Bàbá yọ ọwọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Krofrom. Bùrọ̀dá Kwabena dé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, Bàbá yọ fìlà irin, wọ́n wọ̀ ọ́ fún wọn, kò kọjá èékánná.

“Bàbá, abẹ́rẹ́ dà?”

“Kò sí abẹ́rẹ́. Tẹ nọ́ńbà márùn-ún.”

Bùrọ̀dá Kwabena nawọ́, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Àǹtí Dúpẹ́ ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn. “Ẹ wo ẹni tó ń gun òpó iná. Bọ́tìnnì lásán ló ń bà á lẹ́rù.”

“Dúpẹ́, dákẹ́ fún un,” Bàbá wí. “Gbogbo ọwọ́ ló ń gbọ̀n níbí yìí.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà pàdé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, nígbà tí Bùrọ̀dá Kwabena ń jó lọ síwájú pẹpẹ, agbádá ń bọ́ léjìká wọn, wọ́n ń gbé e padà bí ẹni tó ń gbé wáyà, Bàbá ò wo ẹsẹ̀ wọn. Àyà wọn ni Bàbá ń wò, ọ̀tún aṣọ lápá ọ̀tún, òsì lápá òsì. Àǹtí Dúpẹ́ wá kúnlẹ̀ síwájú Bàbá láàárín ìjọ, wọ́n gbé orí lé orúnkún Bàbá, àwọn ẹlẹ́nu mímú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ò fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ sinmi. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n jù. Ní ọ̀sán kan, nígbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n pè mí pé kí n pa á mọ́, kí n fi orúkọ ara mi pè é. Àlọbọ̀ ni, ó kéré díẹ̀ sí ti Bùrọ̀dá Kwabena, ó ku ẹyọ kan kó parí. Mo ní, “Bàbá, èmi? Èmi tí mo já máòsì gbà lọ́wọ́ yín?” Mi ò tíì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún wọn rí. Wọ́n fi fìlà irin kàn mí lórí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ká ní o ò já a gbà ni, ǹ bá ṣì máa bá a jà. Tèmi ti tán. Èyí tó kù dọwọ́ ìwọ tó o nilé.”

Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn JHS, girama kékeré, èmi ni mò ń ya ọnà ní ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Sámù báyìí. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, síbẹ̀ nọ́ńbà ni mo fi ń ya ohun tó bá ṣòro, fìlà irin Bàbá wà lórí ìka mi. Nọ́ńbà márùn-ún ti pa rẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù náà. Nílé wa, a kì í bi ọmọkùnrin pé ìgbà wo ló máa gbéyàwó. “Ìgbà wo lo fẹ́ tẹ márùn-ún?” ni Màámi máa ń bi mí, tí wọ́n bá ń bu ẹ̀wà fún mi, tí mo bá ń wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbàkigbà. Màá ní n kò tíì múra. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo máa ń ṣí i wò, màá gbé ọfà dé ibi àlàfo kékeré yẹn, màá tún gbé e kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Abena, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, kó òwú wá fún mi. Ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kan ike. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò lè fi máòsì ṣiṣẹ́ bí èèyàn. Mo ní kó jókòó. Mo ṣí èyí tó ní orúkọ mi, ó tẹjú mọ́ ọn, ó fi ìka tọ ọ̀nà òwú náà láti ọrùn títí dé ìgbín, títí tó fi padà sókè, tó kan àlàfo.

“Kí ló kù níbí?” ó béèrè.

“Ẹyọ kan ni.”

Lẹ́yìnkùlé, Màámi tó ń fọ àwo kò fọ̀ ọ́ mọ́. Odó Maame Akosua dúró. Ẹ̀rọ Bùrọ̀dá Sámù náà dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo gbọ́ tí ilé wa dákẹ́.